Ìwé Ìfẹ́ Ayé Àtijọ́ Tó Ní Àṣírí Nínú: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Fowó Yín Rà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni ìwé ìfẹ́ ayé àtijọ́ tó ní àṣírí nínú fi ń dé ọwọ́ àwa tí à ń kàwé ní Ilé-Ifẹ̀. Àkọ́kọ́ ni òkírìkà òyìnbó tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá títì ní Lágere, èyí tí àwòrán obìnrin tó wọ aṣọ gígùn máa ń wà lára rẹ̀. Ìkejì ni ìwé tí ọmọ ilẹ̀ wa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ nípa ayé àwọn baba ńlá wa. Ìkẹta ni ìwé Yorùbá. Ẹni tí owó ìwé kan péré wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Mo ti ra oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo ti sunkún lórí àwọn kan, mo sì ti kábàámọ̀ owó tí mo ná lórí àwọn mìíràn.

Ìbéèrè kan ni mo fi ń dán gbogbo wọn wò. Bí a bá yọ ọdún inú ìwé náà kúrò, tí a gbé olólùfẹ́ méjèèjì wá sí ayé fóònù tí a wà yìí, ṣé àṣírí inú rẹ̀ á ṣì rí bákan náà? Bó bá rí bákan náà, a jẹ́ pé ìtàn òní ni òǹkọ̀wé wọ̀ láṣọ àtijọ́. Ẹ dá a padà sórí àtẹ. Àṣírí tó yẹ ká sanwó fún ni èyí tí ìgbà rẹ̀ bí, tó jẹ́ pé òfin ìgbà náà, ogun ìgbà náà tàbí àṣà ìgbéyàwó ìgbà náà ló fà á.

Òkírìkà òyìnbó

Púpọ̀ nínú wọn dá lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1811 sí 1820, nígbà tí àìsàn mú Ọba George Kẹta, tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe adelé fún un. Mi ò ní tàn yín: ká hun ìtàn kó má tú, àwọn wọ̀nyí mọ̀ ọ́n ṣe. Àsìkò náà fúnra rẹ̀ sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n ń bá Napoleon jagun títí di ìjà Waterloo ní 1815, nítorí náà amí kò wọ́n. Àkọ́bí ọkùnrin ló ń jogún oyè àti ilẹ̀, nítorí náà bí olóyè kan bá kú ikú òjijì, ojú gbogbo ilé ti wà lára àbúrò rẹ̀. Ọdún 1829 ni ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ́nù ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn olólùfẹ́ méjèèjì ló sábà máa ń wá ojútùú ikú náà fúnra wọn. Òfin ìgbéyàwó 1753 tún wà nílẹ̀, tí kò jẹ́ kó rọrùn fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 21 láti ṣègbéyàwó láìsí ìyọ̀ǹda òbí. Ni wọ́n bá ń sá gba òru lọ sí Gretna Green, abúlé kan lẹ́nu ààlà Scotland, níbi tí òfin náà kò dé. Ẹ ò rí i pé ìgbà náà ló bí àṣírí rẹ̀.

Ibi tí inú mi kò ti dùn sí wọn ni ọ̀rọ̀ owó. Ààfin, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin, wúrà lọ́rùn, ṣùgbọ́n ibo ni owó ti wá? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, síbẹ̀ àwọn ẹrú ṣì ń gé ìrèké ní Jamaica fún irú àwọn ọlọ́lá bẹ́ẹ̀ títí òfin ìdásílẹ̀ 1833 fi jáde. Ìwé tó bá fi èyí sí ìdí àṣírí rẹ̀, tí ọmọbìnrin náà rí ìwé oko ìrèké nínú àpótí ọkọ rẹ̀, ẹ rà á kíákíá. Àwọn tó kù dùn, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ka mẹ́ta, ẹ ti mọ ìyókù.

Owó tó ra ìwé tuntun kan lè ra òkírìkà mẹ́ta, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀. Mo ra ọ̀kan rí tí mo kà mọ́jú, àfi bí mo ṣe dé ibi tí wọ́n fẹ́ dárúkọ ẹni tó fún bàbá ìyàwó ní májèlé, tí ojú ìwé tó kù ti já. Ẹni tó tà á fún mi ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Títí di òní, mi ò mọ ẹni tó pa bàbá náà. Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ìwé ni mo ń kọ́kọ́ ṣí, kì í ṣe láti kà á, láti rí i pé ó pé ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, bóyá nọ́ńbà 2 tàbí 3 wà níbẹ̀. Ìwé kejì sábà máa ń dárúkọ ọ̀daràn inú ìwé kìíní ní ojú ewé àkọ́kọ́.

Ìwé Gẹ̀ẹ́sì nípa ilé wa

Oríṣi yìí ni ọkàn mi wà jù, òun náà ni mo sì ń yẹ̀ wò fínnífínní jù, torí ilé wa ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká mú Ogun Kírìjì. Ọdún 1877 ló bẹ̀rẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, ó sì di 1893 kó tó parí pátápátá. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà ní oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká. Fún ìtàn ìfẹ́, mi ò mọ ibi tó dára tó ọdún méje yẹn: àlàáfíà ti wà nínú ìwé, ọkọ kò tíì wálé. Ẹ tún rántí pé Ìbàdàn ti fọ́ Iléṣà ní 1870, wọ́n sì kó èèyàn lẹ́rú. Ọmọbìnrin Ìjẹ̀ṣà lè ti di ìyàwó nínú agboolé jagunjagun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń yìnbọn sí lókè Kírìjì. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó sì ń wá ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ibùdó Ògèdèǹgbé, olórí ogun Èkìtìparapọ̀. Ta ló ń rù wọ́n gba inú igbó? Ta ló ń tú àṣírí ọ̀nà fún ọ̀tá? Ìwé tó bá mọ èyí lò kò nílò iwin láti dẹ́rù bani.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ibi tí ọba ti jókòó pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Bó bá fi Baṣọ̀run sí ààfin Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀yọ́ ni òǹkọ̀wé náà ń kọ láìmọ̀. Ọ̀rúntọ́ Ọbalùfẹ̀ àti Lọ́wà ni ẹ ó retí níbí. Ní Iléṣà, ẹ máa wojú Ọbańlá àti Rísawẹ lọ́dọ̀ Ọwá. Bí akọni Kírìjì bá ń fi owó kòkó kọ́lé, ẹ pa á dé, torí ọ̀rúndún ogún ni kòkó tó sọ ará Ìjẹ̀ṣà di olówó. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ná náírà nínú rẹ̀ ṣáájú 1973, kò sóhun tí mo tún fẹ́ sọ.

Ìtàn Ilé-Ifẹ̀ tí mo ń retí jù ni ti àwọn orí idẹ. Ní 1910, Leo Frobenius, ará Jámánì, dé síbí, ó sì gba orí idẹ kan láti Igbó Olókun. Àwọn aláṣẹ òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró, orí náà sì padà sí Ifẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀mọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ayédèrú ni, pé ẹnì kan ti pààrọ̀ rẹ̀. Ní 2013, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn tún yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní ojúlówó ni. Àṣírí wo ló tún ju ìyẹn lọ? Ní 1938 ẹ̀wẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ lẹ́yìn ààfin, ni wọ́n bá kan àwọn orí mìíràn. Méjì dé ọwọ́ William Bascom, ará Amẹ́ríkà, tó dá wọn padà ní 1950. Ọ̀kan ṣì wà ní British Museum títí di òní. Bí ìwé kan bá sọ fún yín pé ogun ni òyìnbó fi kó àwọn orí Ifẹ̀, Bìní, tí ogun òyìnbó kó ní 1897, ni òǹkọ̀wé náà fi pè é. Ẹ má rà á.

Ìwé Yorùbá

Nínú èyí tí mo ti kà, kò sí ọ̀kan tó gbé ìfẹ́, ìtàn àti àṣírí dọ́gba. Ẹ ní láti yan èyí tí ẹ fẹ́ kó wúwo jù. Fún ìtàn, *Ọmọ Olókùn Ẹṣin* tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ ní 1969 ni mo máa gbé lé yín lọ́wọ́: àwọn èèyàn tó fẹ́ bọ́ lábẹ́ àjàgà ọba tó ń mú wọn sìn. Fún ìwádìí ọ̀daràn, *Àjà Ló Lẹrù* ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí Làpàdé, ọlọ́pàá tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀, ti ń lé àwọn olè kiri. Fún ìfẹ́, *Ó Le Kú* ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, 1974. Kì í ṣe ayé ogun, ayé ọmọ yunifásítì Ìbàdàn ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ Àjàní pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin inú rẹ̀ tán á mọ ohun tí ìfẹ́ lè fi èèyàn ṣe.

Ohun tí mo rí nínú èdè wa tí ìwé òyìnbó kò ní ni alárinà. Ilé Yorùbá kì í fọmọ fọ́kọ láìṣèwádìí: àrùn wo ló wà nínú ìran wọn, ṣé onígbèsè ni wọ́n, ṣé a ti mú olè níbẹ̀ rí. Alárinà ló ń lọ ṣe iṣẹ́ yẹn, ó ń jókòó lọ́dọ̀ àwọn àgbà obìnrin, ó ń fetí sí ohun tí wọn kò sọ tán. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, kí ọ̀rọ̀ náà tó dé. Ó lè pa àṣírí mọ́ nítorí ẹ̀bùn, ó sì lè fi í tú ìgbéyàwó ká. Bẹ́ẹ̀ náà ni òṣómàáló, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ lọ tà láwìn ní ìlú onílùú, tí wọ́n á padà wá lóṣòó dìgbà tí wọ́n bá gbowó wọn. Àlejò tó mọ gbèsè gbogbo ilé ni. Bí ẹ bá rí ìwé tó fi ọ̀kan nínú àwọn wọ̀nyí sáàárín olólùfẹ́ méjì, ẹ má wulẹ̀ ná an.

Ẹ kíyè sí ọdún ìtẹ̀wé. Ọdún 1974 ni wọ́n fẹnu kò lórí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí, nítorí náà ẹ̀dà tó ti pẹ́ á máa kọ "aiye", "enia" àti "nwọn". Kò burú, ojú á mọ́ ọn lára ní ojú ìwé mẹ́wàá. Èyí tó burú ni ẹ̀dà ayédèrú tí yíǹkì rẹ̀ ti parẹ́ títí tí àmì ohùn kò fi hàn mọ́. Ìwé tó kún fún àṣírí, tí ẹ kò mọ̀ bóyá "ọkọ" ni tàbí "ọkọ̀", ìyà ni.

Ti ìwé tí a ń kà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó dára fún oríṣi kìíní àti ìkejì, torí wọ́n sábà máa ń jẹ́ kí ẹ ka orí àkọ́kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹ tó sanwó. Àwọn ìwé Yorùbá tó ti pẹ́ kì í sábà sí níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìrìn àjò ni ẹ fẹ́ fi ìwé lé, òkírìkà òyìnbó ti tó, kí ó ṣáà ti pé. Bó bá jẹ́ ẹ̀bùn fún ọmọ Ìjẹ̀ṣà tàbí ọmọ Ifẹ̀ tó wà lókè òkun, ẹ wá oríṣi kejì, kí ẹ sì yẹ àwọn ìjòyè inú rẹ̀ wò kí ẹ tó dì í. Ẹni tó máa ka ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì, ìwé Fálétí ni kó rà. Kó rà á lọ́dọ̀ ẹni tó máa jẹ́ kó dúró kà á fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá nídìí àtẹ, kó sì ka ojú ìwé kan sókè sí etí ara rẹ̀.