Fláàṣì, háàdì, SSD tàbí dátà: èwo ni kí ẹ rà bí Windows àti Mac bá fẹ́ pín fáìlì?

Bó bá jẹ́ Windows nìkan ni ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ ń lò, ẹ ra èyí tó bá wù yín. Àwa tí kọ̀ǹpútà wa ò jọra lọ̀rọ̀ yìí kàn. Iṣẹ́ fídíò òde ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mac ni mo fi ń gé fídíò, ẹni tó ń yà á fún mi wà ní Ọ̀yọ́, Windows lòun ń lò.

Ọlọ́jà yóò máa pariwo iye GB fún yín. Fọ́máàtì, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣètò inú rẹ̀ láti gba fáìlì, ni kí ẹ bi í.

Háàdì tí mo kọ́kọ́ rà, ẹni tó tà á ní kò sí kọ̀ǹpútà tí kò ní gbà á. Kò kúkú parọ́ tán: Mac mi rí i, ó sì ṣí fídíò inú rẹ̀. Ìgbà tí mo fẹ́ da iṣẹ́ tí mo ti gé padà sórí rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀. NTFS ni fọ́máàtì rẹ̀. Mac máa ń ka NTFS, ṣùgbọ́n kì í kọ nǹkan kan sí i, àfi téèyàn bá tún fi ètò mìíràn kún un. Kí n sì tó lè yí fọ́máàtì náà padà, mo gbọ́dọ̀ kó gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ síbòmíràn, torí pé yóò pa wọ́n rẹ́ pátápátá. Bí mo ṣe ra háàdì kejì nìyẹn, tí ẹbí ìyàwó sì ń pè mí láàárọ̀ lálẹ́ pé fídíò àwọn dà.

APFS, fọ́máàtì ti Mac, tún burú jù fún Windows: kò dá a mọ̀ rárá, nígbà míì á ní kí ẹ fọ́máàtì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́. Ẹ má ṣe gbà o! FAT32 ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, àmọ́ fáìlì kan ṣoṣo ò gbọdọ̀ tó 4GB, fídíò ìgbà tí wọ́n ń náwó fún ìyàwó nìkan sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. exFAT ni kí ẹ béèrè. Microsoft gbé e jáde ní 2006, Mac ti ń kà á, ó sì ń kọ sí i láti 2010, Linux náà, tí àwọn kan ń lò dípò Windows, ní i láti 2019. Bí Windows bá rí àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn fi "._" bẹ̀rẹ̀, Mac ló fi wọ́n sílẹ̀, kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Àléébù exFAT kan ni pé ó tètè ń bàjẹ́ bí wọ́n bá fà á yọ lójijì tàbí bí iná bá lọ nígbà tí nǹkan ṣì ń wọlé sí i. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà orí tábìlì láìní UPS, bátìrì tó ń gbé e dúró bí iná bá lọ, ẹ gbọ́ o.

Fláàṣì: akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó fẹ́ lọ tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní àdúgbò Under G, 32GB ti tó o. Èyí tí wọ́n kọ 2TB sí lára, tí owó rẹ̀ ò tó ti 64GB gidi, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ètò H2testw lórí Windows, tàbí F3 lórí Mac àti Linux, tó ń wo iye àyè tó wà nínú fláàṣì gan-an, á tú àṣírí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Google Drive, àyè ìkófáìlìsí orí íńtánẹ́ẹ̀tì: 15GB lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti fọ́tò yín sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ó dára fún ìwé. Fún fídíò, dátà yín á sọ fún yín.

LocalSend, ètò tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn: ọ̀fẹ́ ni, kì í jẹ dátà, gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù ló ń gbà á, bí ẹ bá ti jọ wà lórí Wi-Fi kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ ò tó Ọ̀yọ́.

Háàdì tó ń yí nínú ṣì ni owó rẹ̀ rọjú jù fún àyè tó pọ̀, n ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni má rà á, pàápàá bó bá máa jókòó sójú kan. SSD, tí òun náà ń tọ́jú fáìlì bíi háàdì, wọ́n jù ú lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀, ó sì yára, gbogbo wa la sì mọ bí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń gbọn ẹrù inú mọ́tò.

Èyí tó wù kí ẹ mú, ẹ ní kí wọ́n kì í bọ láptọ́ọ̀pù kí ẹ tó sanwó. Bí NTFS bá jáde, kí wọ́n yí i sí exFAT lójú yín níbẹ̀, nígbà tí kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀.