Ìwé ìdámọ̀ kòkòrò: ti òkèèrè, ti agbègbè wa, àbí fóònù?

Ẹni tó bá fẹ́ máa dá kòkòrò mọ̀ lórúkọ ní ọ̀nà mẹ́ta: ìwé tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ ibòmíràn, èyí tó pọ̀ jù lórí àtẹ, ìwé tí wọ́n ṣe fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, àti áàpù orí fóònù. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀kan nínú wọn jẹ mí lówó, ó sì tún dójú tì mí níwájú àwọn ọmọ iléèwé.

Ilẹ̀ wo ni wọ́n kọ ọ́ fún?

Ibí ni mo ti fara gbá. Ìpolówó tí mo rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ìwé kòkòrò Áfríkà ni. Owó ìwé àti owó tí wọ́n fi gbé e wálé lé ní 40,000 náírà. Ìgbà tó dé tí mo ṣí i, àwòrán ilẹ̀ inú rẹ̀ kò kọjá odò Zambezi sókè. Gúúsù pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ fún. Mo ní kò burú, ṣebí Áfríkà náà ni. Mo bá ń lò ó.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, àwọn tata wẹ́wẹ́ dúdú a máa rọ̀ jọ sórí ewé Akíntọ́lá lẹ́yìn iléèwé wa n'Íbàdàn bí ẹni ń ṣèpàdé. Tí wọ́n bá dàgbà tán, ẹ̀gẹ́ àwọn ará àdúgbò gbé. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ẹ mú un, á tú òórùn burúkú sí yín lọ́wọ́. Mo ṣíwèé, mo rí i: Zonocerus elegans. Wọ́n jọra bí ìbejì. Mo kọ ọ́ sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, àwọn ọmọ dà á kọ. Ó wà níbẹ̀ fún táàmù méjì gbáko. Ọjọ́ tí bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ̀ràn fún àwọn àgbẹ̀ wá bá wa sọ̀rọ̀, ó wo ògiri títí, ó ní, "Tíṣà, ẹ má bínú o, ṣé láti South Africa ni tata yín yìí ti fò wá?"

Zonocerus variegatus ni tiwa. Elegans ń bẹ ní gúúsù àti ìlà-oòrùn Áfríkà. Ìwé yẹn kò sì parọ́ fún mi. Kò ní variegatus nínú torí kò sí níbi tí wọ́n kọ ọ́ fún, èmi ni mo lọ mú èyí tó sún mọ́ ọn jù. Bí ìwé òkèèrè ṣe ń ṣeni nìyẹn: kì í sọ pé "n ò mọ èyí." Ìbátan rẹ̀ ló máa gbé lé yín lọ́wọ́.

Kì í kúkú ṣe pé kò wúlò rárá. Labalábá ńlá tí ọmọ rẹ̀ máa ń jẹ ewé ọsàn, Papilio demodocus, wà lọ́dọ̀ wa, ó wà ní Cape Town. Àwọn tó ń gbé inú igbó kìjikìji wa ni ẹ máa wá tì.

Ẹ̀yin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí fúyẹ́ fún yín. Gbogbo labalábá ilẹ̀ Bìrìtì kò ju nǹkan bí 60 lọ, ìwé ìtìbọ̀pò kan á kó wọn tán. Ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tó 1,500. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìwé kòkòrò kan ránṣẹ́ sí mi láti ọ̀hún. Ojúlùmọ̀ tí mo bá pàdé nínú rẹ̀ kò ju oyin, eṣinṣin ilé àti Vanessa cardui, labalábá tó ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sahara, lọ.

Ṣé ó ya akọ, ó ya abo?

Lórí bọmubọmu ẹ máa rí labalábá Danaus chrysippus, tí ẹyẹ kì í fẹ́ jẹ torí oró inú rẹ̀. Abo labalábá mìíràn, Hypolimnas misippus, mú ìrísí rẹ̀ wọ̀ bí aṣọ àyálò. Akọ rẹ̀ ní tirẹ̀ dúdú, ó ní àmì funfun rọ̀bọ̀tọ̀. Ìwé tó bá ya akọ nìkan ti tàn yín jẹ. Ìyẹ́ ẹ̀yìn ni kí ẹ wò: ti Danaus ní tóótòòtó dúdú mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàrin, ti èkejì ní ẹyọ kan péré létí òkè. Lọ́dọ̀ wa, ìyẹ́ ẹ̀yìn Danaus sábà máa ń funfun; ti gúúsù pọ́n rúsúrúsú. Ẹ tún rí i, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà ni.

Ìwé labalábá Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà tí Torben Larsen, ará Denmark, gbé jáde ní 2005 ni mo fi kọ́ èyí. Ìdìpọ̀ méjì ni, ọ̀kan ọ̀rọ̀, ọ̀kan àwòrán. Labalábá nìkan ló wà fún, ó wọ́n, tòkunbọ̀ ni mo sì rà lẹ́yìn ọdún kan tí mo ti ń yá ti ọ̀rẹ́ mi.

Áàpù ńkọ́?

Ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó ń jẹ́ Seek lè ṣiṣẹ́ láìsí dátà; lórí èyí tó ń jẹ́ iNaturalist, àwọn ènìyàn gidi lè bá yín tún orúkọ ṣe. Ṣùgbọ́n níbi tí fọ́tò láti ilẹ̀ wa kò bá pọ̀ tó, áàpù náà lè fún yín ní ìbátan dípò ẹni gan-an. Àwọn ọmọ mi nílé ẹ̀kọ́ yóò ya fọ́tò, wọ́n á ka orúkọ, wọ́n á sá lọ. Tó bá jẹ́ ìwé ni, wọ́n á jókòó ka tóótòòtó.

Ìyókù

Ìwúwo: fóònù ló fúyẹ́ jù. Bébà: èyí tó ń dán kì í tètè fa omi. Fọ́tò àbí àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà: mo fẹ́ràn èyí tí wọ́n fọwọ́ yà, ẹ má bi mí ìdí.

Èwo ni kí ẹ rà?

Olúkúlùkù ló ní ibi tó dáa sí. Tí owó kò bá sí, ẹ fi áàpù bẹ̀rẹ̀, ẹ kàn má kọ orúkọ tó bá sọ sára ògiri. Tí owó bá wà, ẹ̀ka kan péré tí wọ́n ṣe fún agbègbè wa ni kí ẹ rà, ì báà jẹ́ labalábá, ì báà jẹ́ lámilámi. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà ya fọ́tò àwòrán ilẹ̀ inú ìwé náà ránṣẹ́. Tèmi ti gúúsù ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ń lọ Johannesburg kó wá gbà á.