Òkè Gérísímù àti Òkè Ébálì

Àárín òkè méjèèjì ni Ṣékémù wà, ìlú tí wọ́n ń pè ní Nablus lónìí. Ébálì ló ga jù, ó tó mítà 940. Gérísímù tó nǹkan bí 880. Síbẹ̀, orí Gérísímù ni Mósè ní kí wọ́n ti súre, kí wọ́n sì gégùn-ún lórí Ébálì (Diutarónómì 27). Ẹ má torí ìyẹn kẹ́gàn Ébálì o: ibẹ̀ gan-an ni Jóṣúà tẹ́ pẹpẹ Olúwa sí.

Ṣùgbọ́n Gérísímù ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Lọ́dọọdún, àwọn ará Samáríà ṣì ń pa àgùntàn Ìrékọjá níbẹ̀, wọ́n á sì sun ún lódindi nínú kòtò iná. Òkè yìí náà ni obìnrin ará Samáríà ń wí fún Jésù létí kànga Jákọ́bù, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì wà báyìí.