Ẹ fura o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra híítà plọ́ọ̀gì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa pickup dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, àwọn Hilux tó ní ẹńjìnnì 2L àti 3L yẹn pàápàá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka èyí. Ọyẹ́ ti ń bọ̀, ìgbà yìí ni gbogbo èèyàn máa ń wá híítà plọ́ọ̀gì kiri, irin kékeré tó ń gbóná nínú ẹńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kí ọkọ̀ lè dáhùn láàárọ̀ tí òtútù bá mú, wọ́n sì ti ń ta èyí tó ti jóná bíi tuntun nílùú wa níbí. Wọ́n á fi sandpépà ha á títí táá fi máa dán yinrin, wọ́n á to mẹ́rin sínú páálí tuntun, owó tuntun lẹ máa san.

Bí wọ́n ṣe ṣe ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti ọ̀nà Ìkòyí nìyẹn. Láàárọ̀, ọkọ̀ á kàn máa yí ṣáá, kò ní dáhùn, èéfín funfun á máa rú ní sàlẹ́ńsà títí bátìrì á fi kú. Ó padà lọ bá ẹni tó tà á, onítọ̀hún ní relay, ìyẹn èyí tó ń gbé iná lọ bá plọ́ọ̀gì, ló bàjẹ́, ó tún ta relay fún un! Ó wá rán ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ pé kó lọ tẹ́ẹ̀sì plọ́ọ̀gì yẹn lójú ẹ̀gbọ́n, iná tẹ́sítà sì tàn lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ibẹ̀ gan-an ni jìbìtì yẹn wà. Ọmọ yẹn ò yọ irin pẹlẹbẹ tó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ lórí, tí irin yẹn bá sì wà níbẹ̀, ẹyọ kan péré tó ṣì dáa á jẹ́ kí iná tàn lórí gbogbo wọn. Nígbà témi yọ irin yẹn, tí mo so tẹ́sítà mọ́ pọ́sítíìfù bátìrì, tí mo ń fi ẹnu ẹ̀ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹyọ kan ló tanná, mẹ́ta ti kú pátápátá. Ó dùn mí gan-an, owó ẹ̀gẹ́ ni ọkùnrin yẹn fi ra òkú irin.

Ẹ tún wo ara ẹ̀ dáadáa, nọ́ńbà àti volt máa ń wà níbẹ̀, tí wọ́n bá ti ha á kúrò ẹ má rà á rárá, torí ọkọ̀ kan ń lo 6 volt, òmíì 11 tàbí 12, tẹ́ ẹ bá so ti 6 mọ́ iná 12 tààrà tí ò sì tètè kúrò, ẹnu ẹ̀ á wú, ó lè kán sínú ẹńjìnnì, ìyẹn tún di pé ẹ ń tú orí ẹńjìnnì.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n gbé bátìrì wá. Plíásì ni kí wọ́n fi dì í mú, ẹ má fọwọ́ dì í o, nẹ́gátíìfù lára ẹ̀, pọ́sítíìfù lórí ẹ̀, kó tó pẹ́ ẹnu ẹ̀ gbọ́dọ̀ pọ́n bí ẹyin iná, tó bá sì ti pọ́n kí wọ́n tètè yọ iná lára ẹ̀, ti 6 volt pàápàá. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni o, kì í ṣe ẹyọ kan kí wọ́n ní àwọn yòókù náà dáa. Ẹni tó bá ní òun ò kí ń tẹ́ẹ̀sì ọjà fún kọ́sítọ́mà, ẹ gbé owó yín kẹ́ ẹ máa lọ.