Àkọsílẹ̀ Madison lórí Avalon: ibi tí ẹ ti lè rí bí wọ́n ṣe ná òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe ná òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà bí ẹni ń ná ọjà ní 1787, ibi tó yẹ kó kọ́kọ́ yà ni ìkànnì Avalon Project ti ilé ẹ̀kọ́ òfin Yale. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí pé ẹ ń forúkọ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ tí James Madison, aṣojú Virginia, ṣe ní ìpàdé Philadelphia, níbi tí wọ́n ti kọ òfin náà, ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ó ní ọjọ́ ní ọjọ́ láti oṣù Karùn-ún dé 17 oṣù Kẹsàn-án. Ẹ tẹ ọjọ́ tí ẹ fẹ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà yóò ṣí. Kò sí àwòrán, kò sí ọ̀ṣọ́.

Ẹ má fi àkókò ṣòfò wá ọ̀rọ̀ “compromise” (àdéhùn kí apá méjèèjì gbà fúnra wọn). Ẹni tó ń dúnàádúrà kì í pariwo pé òun ń dúnàádúrà. Ọjọ́ ni kí ẹ máa tọ̀ lẹ́yìn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 29 oṣù Karùn-ún, tí Virginia ní kí iye ènìyàn tàbí owó tí ìpínlẹ̀ ń dá máa pinnu iye ìbò rẹ̀. Ẹ bọ́ sí 15 oṣù Kẹfà, tí New Jersey fi àbá tiwọn dá a lóhùn, kí àwọn ìpínlẹ̀ ńlá má bàa bo ìpínlẹ̀ kékeré mọ́lẹ̀. Ní 2 oṣù Keje, ìbò di ìpínlẹ̀ 5 sí 5, àwọn aṣojú Georgia pín sí méjì, gbogbo nǹkan sì dúró. Ìgbìmọ̀ ẹni 11 ni wọ́n yàn láti tú u.

Àbọ̀ ìgbìmọ̀ náà, ti 5 oṣù Keje, ni kí ẹ kà dáadáa. Ilé aṣòfin kìíní (House of Representatives): aṣojú 1 fún 40,000 ènìyàn. Ilé kejì (Senate): ìbò ọgbọọgba fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ìpínlẹ̀ ńlá lè gbà, wọ́n fi kún un pé ilé kìíní nìkan ni àbá owó yóò ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ilé kejì má sì fọwọ́ kàn án. Ní 16 oṣù Keje, ó kọjá pẹ̀lú 5 sí 4, Massachusetts pín. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ti jẹ́ kí ilé kejì máa tún àbá owó ṣe. Ẹ̀bùn tí wọ́n fi pẹ̀tù sí àwọn ìpínlẹ̀ ńlá nínú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ibi tí àwọn tó ń kà á ti sábà máa ń ṣìnà ni ìlà ìbò. Ìpínlẹ̀ ló ń dìbò, kì í ṣe aṣojú kọ̀ọ̀kan. “Divd.” túmọ̀ sí pé àwọn aṣojú ìpínlẹ̀ náà kò fẹnu kò, ìbò wọn kò kà fún ẹgbẹ́ kankan. Àpapọ̀ náà kì í sì í dọ́gba: Rhode Island kò wá rárá, New Hampshire dé ní 23 oṣù Keje, ìbò New York sì parẹ́ lẹ́yìn tí méjì nínú aṣojú rẹ̀ mẹ́ta lọ ní 10 oṣù Keje. “Govr. Morris”, aṣojú Pennsylvania, kì í ṣe gómìnà o, Gouverneur ni orúkọ rẹ̀. Pinckney méjì ló wà láti South Carolina, “Genl.” ni ẹ ó fi mọ ọ̀gágun yàtọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 22 oṣù Kẹjọ ni ibi tí àkọsílẹ̀ yìí ti níye lórí jù. Lọ́jọ́ yẹn Morris ní kí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ẹrú, owó orí ọjà àkójáde àti òfin ọkọ̀ ojú omi (èyí tó ń darí òwò orí òkun) fún ìgbìmọ̀ kan, ó sì sọ ọ́ láìfi bò pé ó lè di òwò láàárín Àríwá àti Gúúsù. Ní ọjọ́ 24, ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n máa kó ẹrú wọlé títí di 1800. Ní ọjọ́ 25, Ọ̀gágun Pinckney sọ ọ́ di 1808, Gorham ti Massachusetts kín in lẹ́yìn, ó sì kọjá, 7 sí 4. Ọjọ́ 29 ni Gúúsù san tiwọn: àbá pé kí òfin ọkọ̀ ojú omi gba ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò, ohun tí Gúúsù ń fẹ́, ṣubú, 7 sí 4, South Carolina sì wà lára àwọn tó dà á nù. Ẹ má fo àlàyé tí Madison kọ sí ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé àdéhùn ti wà láàárín apá méjèèjì. Nínú òfin tí wọ́n fọwọ́ sí, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ náà “ẹrú” rárá.

Àléébù méjì ni àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní. Ohun tí àwọn ìgbìmọ̀ sọ nínú yàrá kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀, àbọ̀ wọn ni ẹ ó rí. Madison sì tún un ṣe nígbà ogbó rẹ̀. 1840 ló tó jáde, ọdún 4 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Bí ìbò kan bá rú yín lójú, ẹ fi wé ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé tí ìjọba tẹ̀ jáde ní 1819. Fún ohun tí Madison rò gan-an nígbà tí inú rẹ̀ ṣì gbóná, ẹ lọ sí Founders Online, ìkànnì ìwé àwọn olùdásílẹ̀ Amẹ́ríkà, òun náà ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ wá lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Thomas Jefferson ní 24 oṣù Kẹwàá 1787. Ó gùn, ẹ fi ara balẹ̀ kà á.