Wọ́n fi X-ray ṣí tíúbù mi: ohun tí ojú mi rí

Áláàmù ẹ̀rọ ló bí mi nínú. Mo nà gbalaja lórí tábìlì X-ray, rọ́bà tín-ín-rín ti wà nínú ilé ọmọ mi, wáyà ń gba inú rẹ̀ lọ síbi tí tíúbù apá òsì, ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ, ti dí, ni ẹ̀rọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké pìì, pìì, pìì. Dókítà ò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ló ń dún?" Ó ní, "Kò sí nǹkan kan, mà, ẹ má mira."

Kò sí nǹkan kan kẹ̀! Gbogbo yín wọ ápúróònù olójé dé ọrùn, èmi nìkan ni mo wà ní gbangba.

Ṣáájú ọjọ́ náà ni mo ti ń bèèrè iye ìtànṣán tó máa kan ilé ẹyin mi. Ẹni tó ń gba káàdì ní kí n bi nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kí n bi dókítà. Dókítà ní, "Ó kéré jọjọ." Kéré tó báwo? Ó rẹ́rìn-ín, ó na fọ́ọ̀mù sí mi pé kí n fọwọ́ sí i. Ẹni tó ń wá ọmọ lẹ ń fi ẹyin rẹ̀ rẹ́rìn-ín!

Àmọ́ n ò ní purọ́ mọ́ wọn. Wọn ò jẹ́ kí n gorí tábìlì títí wọ́n fi rí i dájú pé nǹkan oṣù mi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, wọ́n sì tún yẹ ìtọ̀ mi wò bóyá oyún ti wà níbẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ló wá rọ̀ mí lọ́kàn. Bí a ṣe parí, ó wá bá mi fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, mo gbọ́ ohùn yín." Ó ní áláàmù yẹn kàn ń ka àkókò ni, pé tí X-ray bá ti tàn fún ìṣẹ́jú 5 lápapọ̀, á ké kí dókítà lè mọ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà nìkan ló ń tàn, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ló sì ń tàn bí ojú tó ń ṣẹ́. Tí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀, àwòrán tó gbẹ̀yìn á ṣì wà lójú ẹ̀rọ kí wọ́n máa wò ó. Mo ní kí ló dé tí wọn ò fi òjé bo ikùn mi. Ó ní ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ rí, pé tí òjé bá dí ẹ̀rọ lójú, ẹ̀rọ lè fi kún agbára ìtànṣán rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló pè mí wá wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ. Ó ní HSG lásán, ìyẹn X-ray tí wọ́n fi ń yẹ ilé ọmọ àti tíúbù wò, máa ń tó 1 sí 2 mSv (ìwọ̀n ìtànṣán fún gbogbo ara), nígbà tí èyí tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ń fún ènìyàn lọ́dún jẹ́ nǹkan bí 2.4 ní ìpíndọ́gba. Ṣíṣí tíúbù ń pẹ́ ju ìyẹn lọ, àmọ́ èyí tó ń kan ilé ẹyin kì í sábà kọjá 10 mGy (ìwọ̀n ìtànṣán tí ẹ̀yà ara kan gbà). Kí ló ṣòro nínú kí wọ́n sọ èyí fún mi ṣáájú?

Ìgbà tí mo gba ìwé àbájáde, inú tún bí mi. Kò sí iye ìtànṣán kankan nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í kọ ọ́. Tíúbù tí a ṣí lè tún dí o. Tí mo bá tún padà lọ, kí ni wọn yóò fi ro ó pọ̀?

Máàkì mi: 5 nínú 5, torí tíúbù méjèèjì ti ṣí. Tí ẹ bá lọ, ọmọkùnrin ìdí ẹ̀rọ ni kí ẹ bi.