Lẹ́ńsì tí wọ́n ń há mọ́ fóònù: mo gbé e tẹ̀ lé lámilámi dé Ẹlẹ́yẹlé

Lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n máa ń há mọ́ ojú kámẹ́rà fóònù yẹn, mo ti rà á o. Dùgbẹ̀ ni. Ọmọ tó ń tà á pè é ní 12,000, mo ná an títí ó fi gbà 7,500, ó ní "ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá fi èyí ya kòkòrò, ẹ máa rí irun imú ẹ̀." Kò kúkú purọ́. Ohun tí kò sọ ni pé mo gbọ́dọ̀ sún mọ́ kòkòrò ọ̀hún bíi kí n fẹnu kò ó lẹ́nu.

Ọ̀sán gangan ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ sí etí omi Ẹlẹ́yẹlé, omi tí wọ́n ti sé lórí odò Ọ̀nà láti 1942. Lámilámi ò wọ́n níbẹ̀ rárá, èyí tó pọ́n bí ata wà, aláwọ̀ búlúù wà, àwọn kan tún wà tó ní ọ̀já dúdú lára ìyẹ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé mi kiri bí ẹni pé mo jẹ wọ́n lówó, àṣé kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ẹsẹ̀ mi ń tú sókè nínú koríko ni wọ́n ń mú jẹ. Kí n tó na fóònù sún mọ́ ọn báyìí, fìrì, ó ti lọ. Ojú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí ẹ̀, ta ló fẹ́ yọ́ kẹ́lẹ́ bá irú ìyẹn? Mo ya ewé, mo ya omi, mo ya àtàǹpàkò ara mi.

Bàbá kan tó ń tú àwọ̀n ló wò mí títí, ó ní "wá láàárọ̀, kí ara wọn tó gbóná." Aago mẹ́fà ààbọ̀ ọjọ́ Sátidé mo ti débẹ̀. Àwọn tín-ín-rín inú wọn ni mo bá, àwọn tó máa ń pa ìyẹ́ pọ̀ sẹ́yìn tí wọ́n bá bà, tí ojú wọn méjèèjì jìnnà síra (àwọn ńlá ní tiwọn, gbalaja ni wọ́n ń na ìyẹ́). Ọ̀kan di koríko mú, kò mira. Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, mo sé èémí. Há! Ìrì tò sí i lórí bí ìlẹ̀kẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀ rí bí àwọ̀n bàbá yẹn gẹ́lẹ́, ojú kọ̀ọ̀kan hàn. 7,500 mi padà sápò.

Àbùkù ẹ̀: ibi tó fi ń di fóònù mú ti dẹ̀, ẹ ó bọ́ kéèsì kó tó jókòó dáadáa, etí fọ́tò sì máa ń ṣú. Tí fóònù yín bá lójú mẹ́ta, ẹ ṣọ́ra, torí tèmi máa ń ṣàdédé fò sí ojú kejì tí lẹ́ńsì ò sí níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ lámilámi ńlá lẹ fẹ́ yà, ẹ fi èyí sílé jàre, ẹ wá kámẹ́rà tó ń fa nǹkan jíjìn mọ́ra, tòkunbọ̀ náà gbà á, kẹ́ ẹ wá dúró sójú kan, torí akọ wọn sábà máa ń padà sórí igi tó ti fò kúrò. Mo fún lẹ́ńsì yìí ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá. Ẹ wọ bàtà òjò lọ o, sálúbàtà ẹsẹ̀ òsì mi ṣì wà nínú ẹrẹ̀ Ẹlẹ́yẹlé.